Bàtà Inú àti Ìkarahun Òde: Ṣé Kí A Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Kí A Ra Tuntun?



 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé ìròyìn wa lóṣù yìí lè jọ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ bàtà ni. Kì í ṣe bàtà tí a ń wọ̀ wá sí ìsìn, bí kò ṣe bàtà líle tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀ láti fi ṣe eré síkì lórí òkè. Bàtà yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé wa fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí a sì wá ìdí ọ̀rọ̀ náà dé orí, a rí i pé kì í ṣe bàtà nìkan ni a ń jà lé lórí. Ìdí nìyí tí a fi gbé e wá síwájú yín, kí ìdílé mìíràn lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ ní Calgary kò lè sá fún síkì. Ìlú yìí ni ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti wáyé ní ọdún 1988. Òkè Canada Olympic Park wà níbẹ̀ tí a ń rí i láti ojú títì ńlá, Nakiska tí wọ́n ti sáré síkì sọ̀kalẹ̀ lórí òkè lọ́dún náà kò sì jìnnà sí wa. Ilé-ìwé a máa kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Àwa òbí tí a dàgbà níbi tí a kì í ti í rí omi dídì àyàfi nínú fíríìjì, a kàn ń wo ọmọ wa bí ó ṣe ń yọ̀ bọ̀rọ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, a sì ń ké pe orúkọ Jésù.

Ọmọ wa obìnrin ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Láti ìgbà tó ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣe eré yìí, ní báyìí ó ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ọjọ́ Sátidé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dàgbà mọ́. Bàtà àlòkù kan tí a rà fún un ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló ń wọ̀. Nígbà tí òtútù tún dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn: gìgísẹ̀ rẹ̀ ń gbéra sókè nínú bàtà, ojúgun rẹ̀ ń dùn ún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa kú bí igi. A gbé bàtà náà lọ sí ilé ìtajà tí wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe níbẹ̀ fi hàn wá

Kí ẹni tí kò tíì rí bàtà síkì rí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni bàtà náà pín sí. Èkíní ni ìkarahun òde, tí wọ́n fi ike líle ṣe. Òun ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ sórí síkì. Èkejì ni bàtà inú, tó rọ̀ bíi tìmùtìmù, tí a lè fà yọ pátápátá. Bí ìgbín ṣe wà nínú ìkarahun rẹ̀ gan-an ni ó ṣe wà. Láyé àtijọ́ awọ ni wọ́n fi ń ṣe bàtà síkì, okùn ni wọ́n sì fi ń dì í. Láàrin àwọn ọdún 1960 ni Bob Lange ti ìlú Dubuque, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, gbé bàtà síkì oníke jáde sọ́jà, ike sì gba ipò awọ díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá ti ń wọ bàtà náà pẹ́, fóòmù tó wà nínú bàtà inú á máa sún kì, á máa di pẹlẹbẹ, gẹ́gẹ́ bí tìmùtìmù àga tí ènìyàn ti jókòó lé fún ọdún púpọ̀. Àyè á wá ṣí sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ àti ìkarahun. Nígbà tí gìgísẹ̀ bá ń gbéra, ẹni tó wọ̀ ọ́ á fún irin ìdè bàtà náà mọ́ra sí i. Bí ó bá sì ti fún un jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn geere, òtútù á wọ ẹsẹ̀, ojúgun á máa dùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìkarahun òde lè wà níbẹ̀ kó má ṣe nǹkan kan rárá.

Ọkùnrin náà fa bàtà inú yọ. Ó ní kí ọmọ wa ti ẹsẹ̀ bọ inú ìkarahun lásán, kí ó sún un síwájú títí ọmọ ìka rẹ̀ yóò fi kan iwájú bàtà. Ó wá ti ìka ọwọ́ bọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ láti fi wọn àyè tó kù. Ó ṣàlàyé pé bí àyè náà bá wà láàrin sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, ìkarahun náà bá ẹsẹ̀ mu. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, bàtà náà ti tóbi jù láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí bàtà inú tuntun tó lè wo àìsàn yẹn sàn. Ti ọmọ wa jẹ́ ìka kan àti díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yẹ ike náà wò bóyá ó ti sán níbì kan, ó sì yẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ti jẹ.

Ó ní, “Ìkarahun yìí ṣì dára. Inú rẹ̀ ló ti tán.” Ó fi bàtà inú tuntun hàn wá, irú èyí tí wọ́n máa ń fi iná gbóná gbóná mú rọ̀, tí ẹni tó ni ín á wá dúró nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí yóò fi tutù, kí ó lè gba ìrísí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ó tún fi bàtà tuntun odindi hàn wá, tó ń dán gbinrin. Owó bàtà inú kò tó ìdajì owó tuntun. Ó ní kí a lọ rò ó.

Ìjà ọjọ́ mẹ́ta

Ẹnì kan nínú àwa tọkọtaya ní kí a ra tuntun. Ẹnì kejì ní bàtà inú ti tó. A kò ní sọ ẹni tó sọ èwo, nítorí pé kí ọjọ́ mẹ́ta náà tó pé, a ti gba ipò ara wa tán.

Ẹni tó fẹ́ tuntun ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ní láti ìgbà tí a ti dé orílẹ̀-èdè yìí ni ọmọ yìí ti ń lo àlòkù: kóòtù àlòkù, kẹ̀kẹ́ àlòkù, ibùsùn àlòkù, ìwé tí ẹlòmíràn ti kọ orúkọ sí. Nígbà wo ni yóò wọ ohun tí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kò tíì kàn rí? Ẹni tó fẹ́ bàtà inú náà ní tirẹ̀. Ó ní ìyá wa àgbà wà nílé tó ń retí owó oògùn, owó ilé ń gòkè, àti pé ẹni tó bá sọ ohun tó ṣì dára nù, ó ń kọ́ ọmọ pé ohun gbogbo ni a lè sọ nù.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kejì, ohùn ti ń ga sókè. Ní ọjọ́ kẹta ni ọmọ tí a ń jà lé lórí fi bíbọ́ sí parlọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, Dádì, ẹ má bínú o. Ẹ ò tíì bi mí léèrè. Bàtà yìí mọ ẹsẹ̀ mi. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé èmi ni ojú ń tì ni, àbí ẹ̀yin?”

Ará, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Òótọ́ ni pé ojú ń tì wá. Ẹni tó ń pariwo kí a ra tuntun, ohun tó ń bẹ̀rù ni kí àwọn òbí tó kù lórí òkè má wo ọmọ wa bí ọmọ tálákà. Ẹni tó ń pariwo kí a tún un ṣe, ohun tó ń bẹ̀rù ni kí ará ilé má gbọ́ pé a ń ná owó gọbọi lórí eré nígbà tí ìyá wà ní ìdùbúlẹ̀. Ojú àwọn ènìyàn ni àwa méjèèjì ń wò. Ọ̀kan ń wo ojú àwọn ti ìhín, èkejì ń wo ojú àwọn ti ọ̀hún. A kò wo ẹsẹ̀ ọmọ.

Ṣé nítorí àkísà ni a ṣe sọdá òkun?

Nígbà tí a sọ ìtàn yìí ní kíláàsì ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn àgbà, arákùnrin wa kan béèrè pé, “Ṣé nítorí kí a lè máa lẹ àkísà ni a ṣe sọdá òkun?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, a rí i pé ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀rín.

Ní ilé, a mọ iṣẹ́ àtúnṣe. Gbogbo wa ló rántí aránbàtà tó ń gbé àpótí kọ́ èjìká, tó ń lù ú kó-kó-kó kiri àdúgbò. Bàtà kan lè pààrọ̀ ìsàlẹ̀ nígbà mẹ́ta kí ó tó kọjá sẹ́sẹ̀ àbúrò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: kì í ṣe nítorí pé a jẹ́ ẹni mímọ́ ni a ṣe ń tún nǹkan ṣe nígbà náà. Kò sí owó ni. Ẹni tó bá ní owó, tuntun ló ń rà. Nítorí náà, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ arákùnrin wa. Òṣì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìwà mímọ́, lílẹ nǹkan kì í sì í sọ ènìyàn di olódodo.

Ẹ rántí àwọn ará Gíbéónì nínú ìwé Jóṣúà orí kẹsàn-án. Wọ́n wọ bàtà gbígbó tí a ti lẹ̀, wọ́n gbé àpò gbígbó sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n mú búrẹ́dì tó ti hu wá, kí wọ́n lè fi tan Jóṣúà jẹ. Bàtà lílẹ̀ ni wọ́n fi purọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé nígbà tí ìjọ bá ń dá owó ni bàtà rẹ̀ máa ń gbó jù. Ẹlòmíràn wà tó ń fi aṣọ gbígbó wá ìyìn, kí a lè sọ pé ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Gbígbó ohun ìní kò fi ohun tó wà nínú ọkàn hàn.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà. Àwọn bàbá wa sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A ti gbọ́ òwe yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ronú nípa rẹ̀ mọ́. Àkísà tí òwe náà ń sọ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀rí ọjọ́ ni. Ó ń fi hàn pé ẹni kan ti wà pẹ́, ó ti ṣiṣẹ́, ó ti pa nǹkan mọ́. Ọmọdé lè ra aṣọ ogún lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè ra ogún ọdún. Bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ ọmọ wa ní ohun kan tí èyí tó ń dán gbinrin lórí pẹpẹ kò ní.

Nítorí náà, ìdáhùn wa fún arákùnrin wa nìyí: a kò sọdá òkun nítorí àkísà, a kò sì sọdá rẹ̀ nítorí ohun tó ń dán. A sọdá rẹ̀ kí a lè ní àǹfààní láti yàn. Ẹni tí kò ní owó tó ń lẹ bàtà, ọ̀ràn-an-yàn ni. Ẹni tó ní owó tó sì lẹ bàtà nítorí pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ó ti yàn. Ẹni tó ra tuntun nítorí pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀ náà ti yàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á nítorí ojú ayé kò tíì yàn nǹkan kan. Ojú ayé ló yàn fún un.

Nígbà tí àtúnṣe kò bá tọ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tí a ń wí ni pé kí a máa lẹ ohun gbogbo. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ́ni pé ẹnikẹ́ni kì í fi aṣọ tuntun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù, nítorí pé yíya rẹ̀ yóò burú sí i. Ìkarahun tó ti sán, bí a tilẹ̀ fi bàtà inú tó dára jù lọ sí i, owó ṣòfò ni. Ike a máa gbó, oòrùn àti ọjọ́ orí a máa sọ ọ́ di ohun tó rọrùn láti ṣẹ́, ó sì lè fọ́ lójijì lórí òkè.

Àtẹ́lẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ohun ìdè tó so bàtà mọ́ síkì ni wọ́n ṣe kí ó lè tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ènìyàn bá ṣubú, kí egungun má baà ṣẹ́. Bí àtẹ́lẹ̀ bàtà bá ti jẹ jù, ohun ìdè náà lè má tú nígbà tó yẹ, tàbí kí ó tú nígbà tí kò yẹ. Bàtà bẹ́ẹ̀, kí a má tàn ara wa, ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ra bàtà tuntun, kí ó rántí pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún ohun ìdè náà tò, nítorí pé gígùn àtẹ́lẹ̀ bàtà wà lára ohun tí wọ́n ń wò, pẹ̀lú ìwúwo ẹni náà, gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti bí ó ṣe mọ eré náà tó. Bí ó bá jẹ́ bàtà inú nìkan ni a pààrọ̀, gígùn àtẹ́lẹ̀ kò yí padà.

A ní láti jẹ́wọ́ àṣìṣe kan níhìn-ín. Ní ọdún tó kọjá, a fi bàtà kan tó tóbi jù fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, a ní yóò dàgbà bá a. Kí ó má baà máa yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a wọ ìbọ̀sẹ̀ nínípọn mẹ́ta fún un. A rò pé ọgbọ́n ni a dá. Ìbọ̀sẹ̀ náà fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò rìn, òtútù mú un ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò lè darí síkì rẹ̀, ó ṣubú, ó sì fi orúnkún rọ́. Ọpẹ́ ni fún Olúwa pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi tiro. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a gbọ́ pé ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló yẹ nínú bàtà síkì. Ohun tí a pè ní ìṣọ́wóná nígbà náà, ahun ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì kò ju èyí lọ: ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, ara òun fúnra rẹ̀ ló ń ni, ahun a máa jẹ́ kí ẹlòmíràn san owó tí òun kò fẹ́ san. Ọmọ wa fi orúnkún san án.

Nítorí náà, fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ìmọ̀ràn wa kì í ṣe bàtà inú, kì í sì í ṣe bàtà tuntun. Ẹ háyà rẹ̀ fún ìgbà òtútù kan, kí ẹ dá a padà, kí ẹ tún háyà èyí tó bá ẹsẹ̀ mu lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ṣé bàtà kan náà ni?

Nígbà tí a gbé bàtà náà dé ilé pẹ̀lú inú rẹ̀ tuntun, àbúrò rẹ̀ béèrè pé, “Ṣé bàtà àtijọ́ ni àbí bàtà tuntun?” Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì ayé àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus tí àwọn ará Athens ń pààrọ̀ pákó rẹ̀ bí ó ti ń jẹrà, tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń jiyàn bóyá ọkọ̀ kan náà ni ó ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ilé wa kò jiyàn lé e. Bí ẹ̀rúkọ́ bá ṣẹ́, a gbẹ́ òmíràn. Bí irin ọkọ́ bá jẹ tán, alágbẹ̀dẹ a rọ òmíràn. Àgbẹ̀ á ṣì máa pè é ní ọkọ́ bàbá òun, nítorí pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fi ń ro. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàtà ti kúrò lọ́rọ̀ bàtà. Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí ara òde bá tilẹ̀ ń gbó, ti inú ń di tuntun lójoojúmọ́. Nígbà tí a wo bàtà ọmọ wa, a rí òdìkejì: òde le koko, inú ti tán. A sì wo ara wa, a rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa rí. Òde wa le. Iṣẹ́ wà, ọkọ̀ wà, ìwé ìgbélùú ti jáde, àwòrán ẹbí tí a fi ránṣẹ́ sílé ń dán. Ṣùgbọ́n inú ti sún kì. Ọdún lẹ́yìn ọdún ni a ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: iṣẹ́ òru, òkú òbí tí a kò lè lọ sin, ọ̀rọ̀ tí a kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Àyè ti ṣí sílẹ̀ láàrin wa àti ayé tí a ń gbé, a sì ń yọ̀ nínú rẹ̀.

Kí ni a wá ń ṣe? A ń fún irin ìdè mọ́ra. A ń gba wákàtí iṣẹ́ sí i. A ń bá ọmọ wí sí i. A ń fi kún ààwẹ̀, a ń fi kún ariwo, a kò sì bi ara wa pé kí ló dé tí ọmọ ìka wa fi kú. Bí a bá sì ti rẹ̀ tán, ohun tó máa ń wá sọ́kàn wa ni pé kí a kó ohun gbogbo dà nù: kí a yí ìlú padà, kí a yí ìjọ padà, kí ẹlòmíràn tilẹ̀ yí aya tàbí ọkọ padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìkarahun náà lè má ṣe nǹkan kan. Ìgbéyàwó náà lè dára, kí ìjọ náà dára, kí ìlú náà bá ẹsẹ̀ mu. Inú ló nílò àtúnṣe.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ti sọ pé ìkarahun mìíràn wà tó ti sán. Ilé tí ọkọ ti ń lu aya, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ, a kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi inú tuntun sí irú rẹ̀ kí ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fa bàtà inú yọ, kí ẹ yẹ ìkarahun wò lójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n láti bá yín wò ó. Èyí ni ìdí tí ìjọ fi wà. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sọ ọ́ nù, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lẹ̀ ẹ́.

Owó tó ṣẹ́ kù ńkọ́?

Ohun kan kù tí kò dùn mọ́ wa láti sọ. Nígbà tí a ti ra bàtà inú tán, owó ṣẹ́ kù. A yọ̀. A ní a ó fi ránṣẹ́ sí ìyá wa àgbà. Ará, ní ìparí oṣù, a kò rí owó náà mọ́. A jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú oúnjẹ títà àti ohun kéékèèké tí a kò tilẹ̀ rántí. Ìyá kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ títí di oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a wá owó mìíràn fi dípò. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ pé owó tí a kò ná kò tíì di ìwà rere. Lẹ́yìn tí Olúwa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn, ó ní kí wọ́n kó èérún tó ṣẹ́ kù jọ, agbọ̀n méjìlá ló sì kún. A kó o jọ sínú agbọ̀n. A kò fi sílẹ̀ lórí koríko. Ẹni tó bá fi àtúnṣe pa owó mọ́, kí ó wá agbọ̀n fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ìparí, a ní àbá kan fún ìjọ. Ẹ jẹ́ kí a ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn fún ohun ìgbà òtútù tí àwọn ọmọ wa ti dàgbà kọjá: bàtà, kóòtù, ìbọ̀wọ́, akoto. Àwọn ìdílé tuntun ń dé lóṣooṣù, wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan ni kí ó wà lórí pẹpẹ náà: ohun tí ẹ kò lè fi wọ ọmọ tiyín, ẹ má gbé e wá fún ọmọ ẹlòmíràn. Bí ó bá sán, ẹ sọ ọ́ nù. Bí inú rẹ̀ ló tán, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ìjọ lè dá owó ra inú tuntun sí i.

Ọmọ wa ti padà sórí òkè. Ó ní gìgísẹ̀ òun dúró wámúwámú. Bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ti há lára káàkiri, ẹ má ṣàánú rẹ̀ o. Ara rẹ̀ yá gágá.

Olúwa tó bá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rìn ní aginjù fún ogójì ọdún tí bàtà kò gbó mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, yóò bá wa rìn nínú òjò dídì yìí. Yóò fi ọgbọ́n fún wa láti mọ ohun tó yẹ ní títúnṣe àti ohun tó yẹ ní jíjọ̀wọ́, yóò sì sọ inú wa di tuntun. Àmín.